Bí A Ṣe Ń Tọpa Ọwọ́ Àwọn Àjèjì Lára Ọ̀làjú Ilẹ̀ Yúróòpù

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Madrid, Berlin tàbí Palermo ló ń kọjá lójoojúmọ́ níwájú ilé tí àwọn àtìpó kọ́, tí a ń jẹ oúnjẹ tí àwọn àjèjì gbé dé, tí a sì ń kọ òǹkà tí wọn kò bí sí Yúróòpù rárá, síbẹ̀ tí a kò fura. Àwọn kan nínú wa gbà pé Òyìnbó ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn, nítorí ìbínú tí kò ṣàìnídìí, ní ńṣe ni wọ́n jí gbogbo rẹ̀. Èrò méjèèjì ló bo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn gidi mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, tó sì fẹ́ fi han ọmọ rẹ̀, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: ìwé pélébé kan, ìwé atúmọ̀ èdè tó máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, àti sùúrù. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kàn, ẹ béèrè ohun mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀: èkíní, níbo ni ó ti wá; èkejì, ta ni ó gbé e wá, ọ̀nà wo ni ó sì gbà dé; ẹ̀kẹta, kí ni àwọn tó bá nílé fi kún un. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ìtàn náà di ìfọ́nnu. Àṣà kì í rìn dé ibì kan kó má yí padà. Ẹni tó gbà á a máa gé e, a máa rán an, a máa rẹ ẹ́ sínú aró tirẹ̀, títí yóò fi bá a lára mu.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò

Èdè Sípéènì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbẹ̀. Nígbà tí a bá pe àlùbọ́sà, àlùbáríkà, àlàáfíà tàbí alùkáálì, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni a ń pè, èyí tí àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà Ìmàle gbé dé ọ̀dọ̀ wa láti òkè ọya. "Al" tó wà níwájú wọn ni wúnrẹ̀n tí Lárúbáwá fi ń tọ́ka sí ohun pàtó. Wúnrẹ̀n kan náà ló kún ẹnu àwọn ará Sípéènì. Òwú ni wọ́n ń pè ní algodón, ìrọ̀rí ni almohada, ṣúgà ni azúcar, ìrẹsì ni arroz, òróró ni aceite; "l" rẹ̀ ti pòórá nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí. Olórí ìlú wọn, alcalde, ìbátan alùkáálì tiwa ni: al-qadi, adájọ́, ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Bí wọ́n bá sì ń retí ohun rere, wọ́n á ní ojalá, ọ̀rọ̀ tí orúkọ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá ṣì wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ Kátólíìkì paraku.

Ní ọdún 711 ni àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà Berber ti ibẹ̀, rékọjá òkun tóóró wọ Sípéènì. Granada, ìlú tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn, bọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1492. Ẹ má kàn kó ọ̀rọ̀ ìgbà náà jọ bí ẹni ń ṣa èso lábẹ́ igi. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti oko, ti omi, ti ilé kíkọ́ àti ti ìṣàkóso ìlú, ìyẹn sì ti sọ fún yín irú iṣẹ́ tí àwọn tó mú wọn wá ń ṣe, kí ẹ tó ṣí ìwé ìtàn kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "al" ni ti Lárúbáwá. Alma, tó jẹ́ ọkàn ènìyàn, àti alto, tó jẹ́ gíga, láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ mú ìwé atúmọ̀ èdè dání.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Acequia ni ojú-omi tí wọ́n gbẹ́ láti fa omi odò wọ inú oko, Lárúbáwá sì ni orúkọ náà. Bí ẹ bá lè dé Valencia, ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ọ̀nà Àwọn Àpọ́sítélì, ní ọ̀sán gangan ọjọ́bọ̀. Àgbẹ̀ mẹ́jọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dìbò yàn, tí wọ́n wọ agbádá dúdú, á jókòó yíká lórí àga onígi. Ìránṣẹ́ ilé ẹjọ́ á máa pe àwọn ojú-omi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè jáde síwájú. Kò sí lọ́yà níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́, ẹsẹ̀ ni olórí ìgbìmọ̀ fi ń tọ́ka sí ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀, ìdájọ́ á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè ṣe ń parí ẹjọ́ ààlà oko lábẹ́ igi odán kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí ó ṣe ń lọ. Nígbà tí ọba Jaume Kìíní gba Valencia lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní 1238, kò dí àwọn ojú-omi náà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láti ayé wọn. Ní 2009 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ ilé ẹjọ́ omi yìí mọ́ ogún àṣà aráyé. Ẹ wo bí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pé síbi kan: ìmọ̀ omi láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ Lárúbáwá, òfin ọba Kìrìsìtẹ́nì tó dáàbò bò ó, àti àwọn àgbẹ̀ òde òní tí wọn kò jẹ́ kó kú.

Òǹkà, níbi tí ọmọdé ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò

Ọ̀nà tó yá jù láti fi ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ ilé ìwé ni pé kí ẹ ní kó fi òǹkà àwọn ará Róòmù ṣe ìṣirò kan. Ẹ kọ XLVIII sílẹ̀, ẹ ní kó sọ ọ́ di ìlọ́po XXVII láìyí i sí nọ́ńbà tó mọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó là á já bó bá lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 48 àti 27, ẹ jẹ́ kó gbé wọn léra bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ìwé, 1296 á sì jáde kí ẹ tó ṣẹ́jú. Nígbà yẹn ni kí ẹ tó sọ ìtàn fún un.

Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ṣe ètò àwọn àmì mẹ́wàá yìí, tí òdo fi ní àyè tirẹ̀ láàárín wọn. Ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 820 síwájú, al-Khwarizmi kọ ìwé lórí bí a ṣe ń fi wọ́n ṣírò. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó yí ohùn rẹ̀ padà tó fi di algorithm, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè lójoojúmọ́. Ọmọkùnrin kan láti Pisa ní Ítálì, Leonardo, tí ayé mọ̀ sí Fibonacci, tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí Bugia, èbúté kan ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Algeria lónìí, níbi tí bàbá náà ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn oníṣòwò Pisa ní ilé oníbodè. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ òǹkà tuntun yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1202. Kò rọrùn fún un láti wọlé. Ní 1299, ẹgbẹ́ àwọn olùpàrọ̀ owó ní Florence ka òǹkà náà léèwọ̀ nínú ìwé ìṣirò wọn, wọ́n ní lẹ́tà ni kí gbogbo ènìyàn fi kọ iye owó. Nígbà tó ṣe, àwọn oníṣòwò Ítálì kan náà ló wá fi í gbé ètò ìwé owó kalẹ̀, èyí tí owó tó wọlé àti owó tó jáde fi ń dojú kọ ara wọn. Luca Pacioli tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1494. Íńdíà ló bí ọmọ náà, Lárúbáwá gbé e pọ̀n, ilé ìtajà Ítálì ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kún èyí tó mọ̀.

Oúnjẹ, níbi tí irọ́ ti pọ̀ jù

Tí ẹ bá dé ìdí oúnjẹ, ẹ fura sí ìtàn tó bá dùn jù. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé Marco Polo ló gbé pasta ti Ṣáínà bọ̀, ṣùgbọ́n al-Idrisi, onímọ̀ ilẹ̀ ayé tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó ṣiṣẹ́ fún ọba Roger Kejì ní Palermo, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1154 pé wọ́n ń ṣe é ní Trabia, nítòsí ìlú náà, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà. Marco Polo kò tíì dé ayé nígbà yẹn. 1254 ni wọ́n bí i. Nítorí náà, ẹ máa fi ọdún wé ọdún nígbà gbogbo.

Ní ti tòmátì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Nahua ti Mẹ́síkò ló sì ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àgbàdo, kòkó àti ata ti wá, àwa náà sì jẹ nínú wọn, nítorí pé kò sí àgbàdo nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná òkun Àtìláńtíìkì. Òkè Andes ni pòtétò ti wá. Kọfí ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ethiopia àti Yemen gba Istanbul. Ní 1652 ni Pasqua Rosée, àjèjì kan tó jẹ́ ìránṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní St Michael's Alley. Láàárín ogójì ọdún, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń gbọ́ ìròyìn tí wọ́n sì ti ń dúnàá dúrà, débi pé ilé kọfí Edward Lloyd ni ilé iṣẹ́ adójútòfò Lloyd's ti jáde.

Ẹ wá àwọn ènìyàn fúnra wọn

Nǹkan kì í rìn fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń gbé e. Bí ẹ bá lọ sí Canterbury, ẹ má fi mọ sí kàtídírà tí gbogbo ayé ń wò. Ẹ rìn dé ahoro ilé àwọn mọ́ńkì St Augustine, níbi tí Hadrian, ọmọ bíbí Áfíríkà, ti jẹ́ olórí. Òun àti Theodore, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó wá láti Tarsus ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 669 sí 670, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Gíríìkì àti Látìn. Hadrian lò tó ogójì ọdún níbẹ̀ kó tó kú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ara wọn nà ró nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé àná ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ náà.

Ìtàn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ṣọ̀pọ̀ná, àrùn tí àwọn bàbá wa bẹ̀rù débi tí wọn kì í fi í pe orúkọ rẹ̀ gbọn-in gbọn-in. Lady Mary Wortley Montagu, ìyàwó aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Istanbul, tí àrùn náà ti bà lójú jẹ́, rí bí àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ṣe ń kó díẹ̀ lára oje ìléròrò rẹ̀ sínú èèpo èso kékeré, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha ara ọmọdé, tí wọ́n á sì fi oje náà sí i, kí ó lè ṣàìsàn díẹ̀ kó má sì kú sí i mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọkùnrin rẹ̀ níbẹ̀ ní 1718. Ní 1721, nígbà tí àrùn náà ń jà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí dókítà ṣe é fún ọmọbìnrin rẹ̀, àwọn dókítà mìíràn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Edward Jenner, tó wá rí i ní 1796 pé àrùn màlúù kan tó fúyẹ́ lè ṣe iṣẹ́ kan náà láìséwu púpọ̀, ti gba irú ìlànà ti Istanbul yìí sára nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọgbọ́n àwọn ìyá àgbà Tọ́kì ló wà nísàlẹ̀, ọgbọ́n dókítà abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lókè rẹ̀. Àpẹẹrẹ tòde òní náà wà. Uğur Şahin, tí wọ́n bí sí Tọ́kì ní 1965, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Cologne, àti ìyàwó rẹ̀ Özlem Türeci, tí òbí tirẹ̀ náà wá láti Tọ́kì, ló dá ilé iṣẹ́ BioNTech sílẹ̀ ní Jámánì, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà àkọ́kọ́ ti jáde ní 2020.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ irú nǹkan báyìí sínú ìwé yín, ẹ má fo ojú ewé ìrora. Ṣúgà tí Yúróòpù fi ń mu tíì àti kọfí wá láti oko tí wọ́n ti lo àwọn ènìyàn wa bí ẹrú. Ère idẹ Benin tó ya àwọn oníṣẹ́ ọnà Yúróòpù lẹ́nu, ogun 1897 ló gbé wọn dé ibẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ kọ ohun tó sọnù nígbà tí wọ́n lé àwọn àtìpó lọ. Láàárín 1609 sí 1614, ọba Sípéènì lé àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó ti di Kìrìsìtẹ́nì jáde, nǹkan bí 300,000 ènìyàn, tí ilẹ̀ ọba Valencia fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ abúlé di ahoro, oko wà níbẹ̀, ojú-omi wà níbẹ̀, kò sí ọwọ́ tí yóò ro ó.

Ilé kan tí ẹ lè kà láti òkè dé ilẹ̀

Bí ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lo ọjọ́ kan fún Brick Lane. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ Aldgate East, kí ẹ rìn títí dé igun ibi tí Fournier Street ti pàdé rẹ̀. Ilé bíríkì gíga kan wà níbẹ̀, òpó irin tó ń dán sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ yà sí Fournier Street, ẹ gbójú sókè sí ara ògiri. Ẹ ó rí agogo òòrùn, ọdún 1743, àti ọ̀rọ̀ Látìn méjì, Umbra sumus, tó túmọ̀ sí pé òjìji ni wá.

Àwọn Huguenot, Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé, ló kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1685, ọba Louis Kẹrìnlá fagi lé òfin tó fún wọn láyè láti sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n, nǹkan bí 50,000 nínú wọn sì sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ara wọn ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún asásálà, refugee, ti wọ èdè náà. Ní 1819 ilé náà di ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1898 ó di sínágọ́gù àwọn Júù tó sá kúrò ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà. Ní 1976 ó di mọ́sálásí àwọn ará Bangladesh, òun náà ló sì wà títí di òní. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ó rí bàtà àwọn olùjọsìn lábẹ́ agogo òòrùn àwọn ará Faransé.

Ẹ má tíì lọ. Ẹ wo òkè àjà àwọn ilé àdúgbò náà, níbi tí wọ́n fi gíláàsì gbọọrọ sí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ibẹ̀ ni àwọn Huguenot to òfì aṣọ sẹ́dà wọn sí, nítorí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì rí ní Ìṣẹ́yìn á mọ ohun tí wọ́n ń wá. Nígbà náà ni kí ẹ béèrè ìbéèrè kẹta, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà ju òpópónà kejì lọ. Ní Princelet Street ni Anna Maria Garthwaite gbé, ọmọ àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ya òdòdó inú oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí bébà fún àwọn ahunṣọ náà láti hun. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ ti lè rí i bí òdòdó Gẹ̀ẹ́sì àti ọwọ́ Faransé ṣe di aṣọ kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọkọ̀ kọjá odò Thames lọ sí Old Kent Road, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Áfíríkà, tí ti àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ti wà nínú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gba ilé wọ̀nyí ṣì wà láàyè. Ẹ jókòó ti ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ìsìn, ẹ ṣí ìwé pélébé yín, kí ẹ bi í ní ọdún tí wọ́n wọ ibẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà kí wọ́n tó dé, ẹni tó buwọ́ lu ìwé owó ilé àkọ́kọ́, àti orin tí wọ́n kọ ní ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ bí ó bá ṣe pè é, kí ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ òní sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.